Cathepsin K tí ń jẹ eegun: kí ló dé tí a kò fi dá a dúró pátápátá?

Àdùnní Àkúrẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ sẹ́ẹ̀lì àti ìṣègùn wà láàárín wa níbí.

Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 68, yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ìṣubú náà kò le rárá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n kàn fi ti ilẹ̀ kí orí wọn má bàa gbá nǹkan, ṣùgbọ́n eegun ọrùn ọwọ́ náà kán. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, dókítà gbé e sójú iná, ó sì nawọ́ sí i fún mi: ẹ̀gbẹ́ eegun tí ó yẹ kí ó nípọn kí ó sì funfun bí ẹfun ti tín-ín-rín bí okùn aṣọ, inú rẹ̀ sì ti ṣú, ó rí jákujàku bí aṣọ òkè tí kòkòrò ti jẹ nínú àpótí. Dókítà ní eegun wọn ti fúyẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ní kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CTX.

Mo lọ ka nípa CTX yìí, mo sì rí i pé ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ cathepsin K ni ó ń gé e jáde lára eegun. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ara wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ẹ́ńsáìmù náà, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú lysosome, àpò kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Mo tún kà á pé wọ́n ti ṣe oògùn kan rí tí ó ń dá a lọ́wọ́ kọ́, tí wọ́n sì wá pa oògùn náà tì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ara ń fi ohun tí ń jẹ eegun ṣe? Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ń jẹ eegun ìyá mi, kí ló dé tí a kò fi dá a dúró pátápátá kí gbogbo wa sinmi? Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, nítorí náà ẹ má fi àlàyé tó bá gùn dù mí.

Olùkọ́ Sẹ́ẹ̀lì fèsì:

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o, Àdùnní. Ọwọ́ náà yóò san, wọn yóò sì tún fi gbé ọmọ-ọmọ.

Ilé ìdáná ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹ ti mọ ẹ̀yà ẹ́ńsáìmù yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹran bá le, tí iná ti ń jó lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ tí kò rọ̀, àwọn ìyá wa a máa gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sínú ìkòkò, tàbí kí wọ́n fi ewé rẹ̀ wé ẹran náà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná. Oje funfun tí ń sun jáde lára ìbẹ́pẹ tútù, èyí tí ń jó ni lọ́wọ́ bí a bá pẹ́ nídìí bíbó rẹ̀, ní ẹ́ńsáìmù kan nínú tí a ń pè ní papain. Papain a máa gé pùrótéènì inú ẹran sí wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹran fi ń rọ̀. Cathepsin K àti papain, ọmọ ìdílé kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá gbé àwòrán àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé bí wọ́n ṣe ká ara wọn jọ dọ́gba, ibi tí wọ́n fi ń gé nǹkan jọra, amino acid kan náà (amino acid ni èròjà tí a fi ń to pùrótéènì), tí ń jẹ́ cysteine, ni ó sì ń ṣe bí ojú ọ̀bẹ fún wọn. Nínú ara ènìyàn, mọ́kànlá ni irú àwọn cathepsin tí ó jẹ́ ìbátan papain báyìí, K sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ cathepsin fúnra rẹ̀ wá láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí kí a se nǹkan títí yóò fi rọ̀. Willstätter àti Bamann ni wọ́n fún un ní orúkọ náà ní 1929, nítorí náà kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ìkòkò wé e.

Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń tọ́jú irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ sí ni lysosome. Christian de Duve àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní Leuven ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù nígbà tí wọ́n ń lọ ẹ̀dọ̀ eku láti fi ṣèwádìí, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ní 1955. Ní 1974, de Duve wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún irú iṣẹ́ yìí. Lysosome jẹ́ àpò tín-ń-tín tí ó kan nínú: ìwọ̀n pH inú rẹ̀ (òǹkà tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó; bí ó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó) wà láàárín 4.5 sí 5, nígbà tí ti inú sẹ́ẹ̀lì tí ó yí i ká jẹ́ nǹkan bíi 7.2. Ohunkóhun tí ó bá ti gbó nínú sẹ́ẹ̀lì, àti kòkòrò àìlèfojúrí tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé mì, inú àpò yìí ni wọ́n ń gbé e lọ láti lọ tú u palẹ̀, kí a lè tún èròjà rẹ̀ lò.

Sẹ́ẹ̀lì kì í sì í fi ọ̀bẹ ṣeré. Nígbà tí ó bá kọ́kọ́ ṣe cathepsin K, amino acid 329 ni ó so pọ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni ó ń júwe ọ̀nà tí yóò gbà, a ó sì gé wọn kúrò láìpẹ́. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tí ó tẹ̀lé wọn ni a dì mọ́ ọn lẹ́nu bí ìgbà tí a bá di ajá ọdẹ lẹ́nu kí ó má bàa bu ọmọ ilé jẹ. Ìgbà tí ó bá dé ibi tí ó kan tó ni ìdè ẹnu náà ń tú, tí 215 tí ó kù á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Wàyí o, ibi tí cathepsin K ti yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ rèé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà lára eegun tí a ń pè ní osteoclast, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké para pọ̀ di. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa jẹ eegun tó ti gbó. Eegun kò ṣe é gbé mì bí kòkòrò, nítorí náà osteoclast a dojú dé ojú eegun bí ìgbà tí a bá da igbá délẹ̀, a fi ẹnu rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn yípo kí afẹ́fẹ́ kankan má lè jò, a wá máa da omi kíkan sí abẹ́ ara rẹ̀. Omi kíkan yìí ni ó ń yọ́ èròjà líle calcium àti phosphate. Lẹ́yìn náà ni ó tú àwọn lysosome rẹ̀ dà sí ibẹ̀. Ẹ ò rí i pé abẹ́ igbá náà ti di lysosome kan tí ó wà ní ìta sẹ́ẹ̀lì!

Ohun tí ó kù lẹ́yìn tí èròjà líle bá ti yọ́ ni collagen, òun ni ó sì kó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 lára ohun tí kì í ṣe òkúta nínú eegun. Okùn ni collagen, fọ́nrán mẹ́ta tí a lọ́ mọ́ra wọn pinpin. Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn kò lè gé okùn yìí àfi bí a bá kọ́kọ́ tú ìlọ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n rí ojú kan ṣoṣo gé. Cathepsin K nìkan ni ó lè gé e ní ìdí, ní àárín, ní orí, ní ojú púpọ̀, bí ó ṣe wà nínú ìlọ́ rẹ̀. Ṣóńṣó ìdí okùn tí ó gé sọnù tí ó sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni CTX tí dókítà yín ń wá.

Ní ti ohun tí ara ń fi ṣe: eegun kì í ṣe igi gbígbẹ. Lójoojúmọ́ ni ìlà tín-ń-tín ń sán lára rẹ̀ nítorí ìrìn àti ẹrù tí a ń gbé, bí a kò bá sì yọ ibi tó sán kúrò, a kò lè fi tuntun dípò rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá eegun àgbàlagbà ni a ń pààrọ̀ lọ́dún kan. Jíjẹ rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lójú kan, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń mọ eegun, àwọn birikìlà inú ara, á lò tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí wọ́n tó dí ibẹ̀ padà. Họ́mọ̀nù estrogen ni ó ń mú kí iye àwọn tí ń jẹ má pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dáwọ́ dúró, estrogen a lọ sílẹ̀, osteoclast a pọ̀ sí i, wọ́n a sì pẹ́ láyé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí àléébù kankan lára cathepsin K Màmá. Àwọn tí ń lò ó ni wọ́n pọ̀ ju àwọn birikìlà lọ.

Oníṣègùn Eyín fèsì:

Olùkọ́, ẹ ṣeun, àlàyé yín wọlé. Jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì tí Àdùnní béèrè, ti pé kí a dá a dúró pátápátá, nítorí pé àwọn ènìyàn wà láyé tí Ọlọ́run dá láìní cathepsin K tó ń ṣiṣẹ́, àwọn oníṣègùn eyín sì sábà máa ń wà lára àwọn tí wọ́n ń bá pàdé.

Orúkọ àìsàn náà ni pycnodysostosis. Maroteaux àti Lamy, oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1962, ṣùgbọ́n 1996 ni àwọn olùwádìí tó mọ̀ pé jíìnì cathepsin K, tí ó wà lórí kurómósómù kìíní, ni ó bàjẹ́. Ó di dandan kí ọmọ jogún èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá kí ó sì jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ pé AS méjì ló ń bí SS. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

N kò lè gbàgbé fọ́tò àgbọ̀n tí olùkọ́ wa gbé síwájú wa nígbà tí a wà ní ẹ̀kọ́. Eegun náà funfun gbòò, ó ki débi pé a kò rí inú rẹ̀. Eyín ọmọdé ṣì wà níbi tí wọ́n wà, eyín àgbà sì ti yọ sẹ́yìn wọn, eyín gorí eyín bí èrò ọjà. Igun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó ṣẹ́ wá sí abẹ́ etí, ti nà tọ́ọ́rọ́ bí ti ọmọ ọwọ́. Nínú fọ́tò orí rẹ̀, àwùjẹ̀ tí ó yẹ kí ó ti padé kí ọmọ tó pé ọdún méjì ṣì là sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà ni ó ni fọ́tò náà. Ìka ọwọ́ wọn a máa kúrú nítorí pé ṣóńṣó eegun ìka a máa jẹra, wọn kì í sì í sábà ga ju 150 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Àdùnní ni èyí: eegun wọn ki, ó wúwo, síbẹ̀ ó ń kán. Ìṣubú kékeré lè ṣẹ́ eegun itan wọn. Ẹfun náà funfun ó sì le, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó bọ́ láti ọwọ́ yín sórí símẹ́ńtì kí ẹ wò ó. Bí a bá fi awò amóhuntóbi wo eegun wọn, a ó rí i pé osteoclast wà níbẹ̀, ó dojú délẹ̀, ó da omi kíkan, ó yọ́ èròjà líle, ṣùgbọ́n collagen ṣì wà nílẹ̀ fọnfọn bí iṣan ẹran tí iná kò wọ̀. Kò lè kúrò, birikìlà kò sì rí àyè mọ tuntun. Eegun àtijọ́ pẹ̀lú gbogbo sísán tó ti sán ni wọ́n ń gbé kiri títí ọjọ́ ayé wọn.

Fún àwa oníṣègùn eyín, ohun tí ń bà wá lẹ́rù jù ni yíyọ eyín wọn. Ẹ̀jẹ̀ kò rìn dáadáa nínú eegun tó ki bẹ́ẹ̀, nítorí náà ihò eyín lè kọ̀ láti jiná, kí kòkòrò wọ inú eegun àgbọ̀n, kí ó sì máa ṣọyún fún oṣù púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú àìsàn yìí gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́ kí a tó mú irin jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irú rẹ̀ ni ó ṣe Henri de Toulouse-Lautrec, ayàwòrán ará Faransé tí a bí ní 1864. Ìyá bàbá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí itan kan kán, itan kejì sì kán ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì ga mọ́ lẹ́yìn náà. Maroteaux àti Lamy fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ ní 1965 pé ó jọ èyí. Ẹnikẹ́ni kò yẹ jíìnì rẹ̀ wò, àwọn oníṣègùn mìíràn sì ti ta kò ó, nítorí náà èmi a máa fi í sípò ìfura lásán.

Àdùnní, ẹ dárí jì mí bí mo bá yà díẹ̀: cathepsin C náà wà, òun sì ni tèmi gan-an. Àwọn ọmọ tí a bí láìní i, gbogbo eyín ọmọdé ni ó lè mì bọ́ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn a sì le bí awọ. Mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ pé irú rẹ̀ wà, kí wọ́n má ṣe wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi nínú ẹbí.

Àdùnní Àkúrẹ́:

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ó ti yé mi nísinsìnyí pé ẹni tí kò bá ní i rárá, eegun rẹ̀ a máa kán, ẹni tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù, eegun tirẹ̀ náà a máa kán. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn olóògùn rí tí wọ́n fi lọ ṣe oògùn tó ń dá a dúró?

Olùkọ́ Sẹ́ẹ̀lì fèsì:

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Wọn kò fẹ́ dá a dúró pátápátá, wọ́n fẹ́ dín in kù ni. Ẹni tí ó bá jogún jíìnì kan tó dára àti ọ̀kan tó bàjẹ́ kì í ní pycnodysostosis, nítorí náà ààyè wà láàárín púpọ̀jù àti àìsí.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó mú wọn lọ́kàn. Àwọn oògùn tí a ń lò jù fún eegun fífúyẹ́, bí alendronate, a máa rọ̀ mọ́ eegun, nígbà tí osteoclast bá sì jẹ ẹ́, a sọ ọ́ di aláìlágbára tàbí kí ó pa á. Ó dára, ó ń gba ènìyàn là, ṣùgbọ́n osteoclast ló ń ránṣẹ́ sí àwọn birikìlà pé ibì kan ti ṣí sílẹ̀ o, ẹ wá mọ ọ́n. Bí ẹni tí ń ránṣẹ́ bá kú, mímọ eegun tuntun náà a lọ sílẹ̀. Oògùn tí ó bá di cathepsin K nìkan lọ́wọ́ a fi osteoclast sílẹ̀ láàyè, tí iṣẹ́ tí ó ń rán á ṣì máa lọ.

Balicatib wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Irú èròjà tí ó jẹ́ a máa mú kí ó pọ̀ rẹpẹtẹ sínú lysosome, níbẹ̀ ni ó sì ti lọ di àwọn cathepsin mìíràn bíi B àti L lọ́wọ́, ni awọ ara àwọn kan nínú àwọn tó ń lò ó bá ń le. Wọ́n pa á tì. Èyí tó tẹ̀lé e ni odanacatib, tí ilé iṣẹ́ Merck ṣe, tí kò rọ̀ mọ́ inú lysosome bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e mì. Wọ́n dán an wò lára àwọn obìnrin tó lé ní 16,000, tí gbogbo wọn ti lé ní ọdún 65 tàbí tí wọ́n pé e, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Láàárín àwọn tí wọ́n lo oògùn náà, kíkán eegun ìbàdí fi ìdá 47 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọn kò lò ó. Ìdùnnú ńlá ni èyí jẹ́ fún gbogbo àwa tí a ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìyá arúgbó tí ìbàdí rẹ̀ bá kán, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dìde rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tí rọpárọsẹ̀ (èyí tí òyìnbó ń pè ní stroke) kọlù, iye náà pọ̀ láàárín àwọn tí ń lo odanacatib ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n tún un kà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, Merck kéde pé àwọn kò ní gbé oògùn náà wá sọ́jà. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa kábàámọ̀ rẹ̀ pé wọ́n yára jù. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Cathepsin K kò mọ sí ara eegun nìkan: ó wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀, ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró àti awọ ara, ó sì wà lára àwọn tí ń yọ họ́mọ̀nù thyroid, ti iwájú gògóńgò, jáde láti ara pùrótéènì tí a kó o pamọ́ sí. Oògùn tí a gbé mì kò mọ eegun yàtọ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ibi gbogbo ni yóò bá a dé. A kò sì lè fi rọpárọsẹ̀ ṣe owó tí a fi ń ra eegun líle fún ìyá ẹnikẹ́ni, pàápàá nígbà tí oògùn mìíràn wà.

Abiyamọ Èkó fèsì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi tí ẹ ti dárúkọ rọpárọsẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní fòníkú-fọ̀ladìde, ó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní oṣù tó kọjá, iṣẹ́ inú láàbù ni èmi náà sì ń ṣe. Cathepsin K yìí kan náà ni mo ti ń kà nípa rẹ̀ láti ọ̀nà mìíràn.

Nínú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, pùrótéènì kan wà tí ń jẹ́ elastin, òun ni ó ń mú kí iṣan lè fẹ̀ kí ó sì súnkì bí rọ́bà nígbà tí ọkàn bá ń lù. Cathepsin K lè gé elastin gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń gé collagen. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Georgia Tech ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá kó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn tó ní SS sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, cathepsin K a gbéra sọ nínú wọn. Ìyẹn jẹ́ ọ̀nà kan tí iṣan ńláńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ọmọdé fi lè bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ògiri rẹ̀ nípọn, kí ojú ọ̀nà sì fún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà nígbà tí kò tíì sí ìdènà fi hàn pé nínú ọmọ SS 100, nǹkan bí 11 ni rọpárọsẹ̀ ti ń kọlù kí wọ́n tó pé ẹni ogún ọdún.

Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ tiyín, dídín cathepsin K kù bá rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i rìn lára àwọn àgbà obìnrin. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, púpọ̀jù rẹ̀ ni a fura sí pé ó ń ba iṣan àwọn ọmọdé jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀kan dá èkejì lẹ́jọ́ yóò ṣìnà. Ara àgbàlagbà tí òróró ti dì sí lára iṣan kì í ṣe ara ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́ dòjé. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí òbí tí ó ń wá oògùn tí yóò dá ẹ́ńsáìmù yìí dúró fún ọmọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí irú rẹ̀ fún wọn. Ohun tí ó wà, tí ó sì ń ṣiṣẹ́, ni kí a máa fi ẹ̀rọ olóhùn wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ wọn lọ́dọọdún, kí dókítà sì fún ẹni tí ó bá yẹ ní oògùn hydroxyurea. Tèmi ń lò ó láti ọmọ ọdún márùn-ún.

Olùkọ́ Sẹ́ẹ̀lì:

Abiyamọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ẹ sọ, n kò ní ohun tí n ó fi kún un ju pé kí òbí tí ó bá ka èyí fi ọ̀rọ̀ yín sọ́kàn.

Alàyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ fèsì:

Àdùnní, mo fẹ́ bi yín ní ohun kan nípa CTX Màmá kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé èsì rẹ̀. Aago mélòó ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, ṣé wọ́n sì ti jẹun?

Mo béèrè nítorí pé CTX kì í dúró sójú kan. Ìdájí ni ó máa ń ga jù, bí oòrùn bá ti ń gòkè ni ó ń lọ sílẹ̀, oúnjẹ sì tún máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kíákíá. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà ní aago méje àárọ̀ láìjẹun, tí a sì tún fà á ní aago kan ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ, èsì méjèèjì lè jìnnà sí ara wọn débi pé ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń lo hóró oògùn tí wọ́n ń tà fún irun àti èékánná, èyí tí biotin pọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sọ fún dókítà kí ó lè dá a dúró ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, torí ó lè da èsì inú àwọn ẹ̀rọ kan rú. Kí ẹ sì rántí pé eegun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán náà a máa gbé CTX sókè fún oṣù mélòó kan, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe ń lọ níbẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo kò tó láti fi pinnu ohunkóhun. Ohun tí àyẹ̀wò yìí dára fún jù ni kí a fi ti òní wé ti oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń lo oògùn.

Àdùnní Àkúrẹ́:

Ẹ gbà mí o. Aago méjìlá ku díẹ̀ ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí èrò pọ̀ lórí ìlà. Màmá sì ti jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà mẹ́rin kí a tó kúrò nílé, èmi gan-an ni mo rà á fún wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kí wọ́n má jẹun. Èsì tó jáde wà ní àárín, inú mi sì ti ń dùn pé eegun kò tíì ń jẹ púpọ̀.

Dókítà ti kọ alendronate fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Alàyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀:

Ẹ má bá ara yín wí, ilé àyẹ̀wò ni ó yẹ kí ó sọ fún yín. Bí wọn kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ sọ fún dókítà kí ó jẹ́ kí a tún ẹ̀jẹ̀ náà fà kí wọ́n tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Kí ó jẹ́ láàárọ̀, kí ó tó di aago mẹ́sàn-án, omi nìkan ni kí ó wọ ẹnu wọn láti òru mọ́jú. Nígbà tí ẹ bá máa tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ó jẹ́ wákàtí kan náà àti ilé àyẹ̀wò kan náà.

Ní ti alendronate, kí wọ́n gbé e mì láàárọ̀ kùtù lórí inú òfìfo pẹ̀lú ife omi tútù kan tó kún, kì í ṣe tíì, kì í ṣe mílíìkì. Kí wọ́n jókòó tààrà tàbí kí wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n má sì padà dùbúlẹ̀, nítorí pé bí hóró náà bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè bó o.

Oníṣègùn Eyín:

Kí wọ́n sì wá yẹ eyín wọn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí èyí tí yóò yọ bá wà, ó sàn kí a yọ ọ́ nísinsìnyí, nítorí oògùn náà ń mú kí jíjẹ eegun àgbọ̀n lọ sílẹ̀, ihò eyín sì lè pẹ́ kí ó tó jiná.

Àdùnní Àkúrẹ́:

Mo ti pe dókítà lórí fóònù. Ó ní kí a wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí Màmá má jẹ nǹkan kan láti alẹ́ Ajé. Mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní ṣé àkàrà náà kò lè tẹ̀lé àwọn nínú ike, kí àwọn jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ náà tán. Mo ní ó lè tẹ̀lé wọn.